Iyùn àti wúrà ìyá àgbà: kí la lè yọ́, kí la ò gbọdọ̀ tanná sí?

ỌmọAràkalẹ̀:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà ojú òpó yìí. Àkúrẹ́ la wà, ọ̀rọ̀ àpótí ìyá àgbà wa ni mo gbé wá. Àwa ọmọ-ọmọ márùn-ún ni wọ́n ní kí a pín in. A ò fẹ́ kí ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀ kí àwọn tó kù máa wò ó. A fẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan tó lè máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: iyùn ọrùn kan, ẹyọ 64, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 8, okùn rẹ̀ ti fẹ́ já, ṣéènì wúrà kan tó gùn tó sẹ̀ńtímítà 45, ó ti já láàárín, 750 ni wọ́n tẹ̀ sára ìkọ́ rẹ̀, òrùka kan tí kò ní òkúta, 916 ni wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀, yẹtí ẹyọ kan tí èkejì rẹ̀ ti sọnù, kò ní àmì rárá, àti ṣílè àtijọ́ mẹ́ta. Ẹnì kan ti ní kí a yọ́ gbogbo wúrà náà pa pọ̀ kí a fi ṣe òrùka márùn-ún. Ṣé ká gbà bẹ́ẹ̀? Iyùn ńkọ́?

Ayọ́wúrà_Oǹdó:
Kí Ọlọ́run tẹ́ màmá sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tanná sí nǹkan kan. Nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ sára wúrà ń sọ iye ojúlówó wúrà tó wà nínú ìpín 1000: 375 ni kárátì 9, 750 ni kárátì 18, 916 ni kárátì 22. Àmì 750 tó wà lára ìkọ́, ìkọ́ nìkan ló ń jẹ́rìí fún. Wọ́n lè ti pààrọ̀ ìkọ́ ṣéènì àtijọ́ rí. Ìkọ́ 750 lè wà lára ṣéènì 375, ó sì lè wà lára idẹ tí wọ́n kàn fi wúrà kùn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nílé kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kankan, torí ẹni tó bá mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í rọrùn láti rẹ́ jẹ.

Ẹ wá òṣùwọ̀n kékeré tó lè ka gíráàmù 0.01, kì í ṣe ti ìdáná. Ẹ wọn ohun náà ní gbígbẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bu omi sínú ife ike, ẹ gbé ife náà sórí òṣùwọ̀n, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo. Ẹ wá fi fọ́nrán òwú tín-ín-rín so ohun náà rọ̀, ẹ rì í sínú omi pátápátá, kó má kan ìsàlẹ̀ ife, kó má sì kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iye tí òṣùwọ̀n bá kà ni kí ẹ fi pín ìwọ̀n gbígbẹ. Bí èsì bá bọ́ sáàárín 15.2 sí 15.9, kárátì 18 ni. Kárátì 22 máa ń wà ní 17.7 sí 17.9, kárátì 14 ní nǹkan bíi 13, kárátì 9 ní nǹkan bíi 11. Fàdákà 925 á fún yín ní 10.3 tàbí 10.4, idẹ ní 8.4 sí 8.7.

Afẹ́fẹ́ ló máa ń ba ìdánwò yìí jẹ́. Ẹ gbọn ṣéènì náà dáadáa nínú omi kí afẹ́fẹ́ tó há sí ojú rẹ̀ jáde, kí ẹ tó ka ìwọ̀n. Ohun tó bá ṣófo nínú tàbí tó ní òkúta lára kò ṣeé dán wò báyìí. Ẹ má sì gbára lé mágínẹ́ẹ̀tì: kì í fa wúrà, kì í sì fa idẹ.

ÌyáOnílẹ̀kẹ̀:
Iyùn ni tèmi. Kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá iyùn gidi ni, torí ike, gíláàsì àti egungun tí wọ́n rẹ láró pọ̀ nínú àpótí àwọn ìyá wa, pàápàá bí wọ́n bá ti ń fi ẹyọ tuntun dí ibi tí ẹyọ àtijọ́ ti bọ́. Ẹ yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò, kì í ṣe ọ̀kan fún gbogbo rẹ̀.

Ẹ gbé e sábẹ́ dígí asọǹkandi-ńlá. Iyùn gidi ní ìlà wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀lé ara wọn lójú rẹ̀, bí ìlà inú pákó. Ike kì í ní in. Gíláàsì máa ń ní ihò afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó nínú. Ẹ wá fi orí abẹ́rẹ́ kán fínígà ẹyọ kan péré sí etí ihò, níbi tí ojú kì í dé. Iyùn gidi á hó wẹ́wẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí irú ohun tó wà nínú ìkarahun ìgbín ló wà nínú rẹ̀. Ẹ nù ún kíá, ẹ fi omi ṣàn án, nítorí fínígà yẹn ń jẹ ẹ́ ni. Fún aró, ẹ rẹ òwú ẹ̀tù sínú omi tí wọ́n fi ń pa kíútẹ́ẹ̀sì rẹ́, ẹ fi ra etí ihò. Bí òwú bá pọ́n, wọ́n rẹ ẹ́ láró. Ìyẹn ò ní kó má ṣe iyùn, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ á máa ṣí bí ẹ ṣe ń làágùn.

Iná, ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà, omi ìfọṣọ funfun àti ásíìdì alágbẹ̀dẹ, gbogbo wọn ló ń ba iyùn jẹ́, ìbàjẹ́ ọ̀hún kò sì ní àtúnṣe. Ibi tó bá ti ṣí, àfi kí wọ́n fá ojú rẹ̀ kúrò, ìyẹn sì ń dín in kù.

ÀgbàÌdíIgi:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i kí ẹ tó máa gé nǹkan. Ohun ìní obìnrin, àwọn ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ni ín. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ màmá bá ṣì wà láyé, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i kí ẹ tó gé ohunkóhun. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá bi ara yín bóyá orí ò jorí lẹ fẹ́ pín in, kí ẹ̀yin márààrún gba ìpín kan náà, tàbí ìdí igi, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ kó tó pín in láàárín ara rẹ̀. Ìjà kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń pín in. Ìgbà tí ẹnì kan bá rí i lọ́wọ́ ẹlòmíì lóde ayẹyẹ ló máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù. Bí màmá bá jẹ oyè rí, ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè bóyá iyùn yẹn jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ oyè. Ti oyè kì í ṣe ogún ẹnì kan, a kì í gé e, a kì í sì í pín in. Bí ó bá jẹ́ èyí tí màmá rà fúnra wọn tàbí tí wọ́n fi dá wọn lọ́lá nígbà ìyàwó, ó kù sọ́wọ́ yín.

ỌmọAràkalẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an. Màmá kò jẹ oyè, àwọn ọmọ wọn méjèèjì tó wà láyé sì ti fọwọ́ sí i. Orí ò jorí la fẹnu kò sí. Èsì ìdánwò nìyí. Ṣéènì: gíráàmù 12.00, omi ka 0.78. Òrùka: 5.00, omi ka 0.28. Yẹtí: 3.20, omi ka 0.37. Mo tún rí nǹkan dúdú-eérú kan níbi tí ṣéènì ti já, bí ìgbà tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ rí. Iyùn 64 náà ní ìlà, òwú kò sì pọ́n. Ọdún tó wà lára àwọn ṣílè ni 1914, 1919 àti 1936. Funfun ni méjì àkọ́kọ́, èyí 1936 pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ayọ́wúrà_Oǹdó:
Ṣéènì jẹ́ 15.4, kárátì 18 ni. Òrùka jẹ́ 17.9, ó bá 916 tó wà nínú rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ohun kékeré báyìí, bí òṣùwọ̀n bá ṣì í pẹ̀lú 0.01 péré, èsì lè bọ́ sí 17.2 tàbí 18.5. Àmì àti èsì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí fún ara wọn. Yẹtí jẹ́ 8.6, idẹ tí wọ́n fi wúrà kùn ni. Ẹ wo bí ó ṣe rí: ká ní ẹ yọ́ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, gíráàmù 3.2 idẹ ni ẹ̀ bá dà sínú wúrà màmá.

Nǹkan eérú yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Òjé ni, ìyẹn sọ́dà (irin tí wọ́n ń yọ́ láti fi lẹ irin pọ̀) tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò. Ó ń yọ́ ní nǹkan bíi 183°C. Ẹni tó bá fẹ́ fi sọ́dà wúrà lẹ ṣéènì yẹn gbọ́dọ̀ mú un gbóná ju 700°C lọ, nígbà yẹn òjé á wọ inú wúrà lọ. Wúrà tó bá ti mu òjé á di jíjẹrà, á ní ihò wẹ́wẹ́, á sì máa kán bíi bisikíìtì lábẹ́ ọmọ owú. Bí wọ́n bá yọ́ ọ pẹ̀lú òjé lára, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iná yọ òjé náà kúrò. Ẹ ní kí wọ́n gé ojú ṣéènì tó kan án dànù, ìdajì sẹ̀ńtímítà ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó pàdánù sẹ̀ńtímítà kan. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ti ká yọ́ ṣéènì àti òrùka pọ̀, ó ṣeé ṣe, ìṣirò rẹ̀ nìyí. Gíráàmù 12 kárátì 18 ní ojúlówó wúrà gíráàmù 9 nínú. Gíráàmù 5 kárátì 22 ní 4.58. Àpapọ̀ jẹ́ 13.58 nínú 17, ìyẹn kárátì 19 ó lé díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó di kárátì 18 gan-an, ẹ ó fi nǹkan bíi gíráàmù 1.1 fàdákà àti bàbà kún un. Ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tí ẹ fi fẹ́ ṣe é. Ṣéènì tí ọwọ́ màmá ti dán kò tún ní jẹ́ ṣéènì màmá mọ́ bó bá ti di omi. Èyí tó bá ṣeé gé kí ẹ sì tún tò, ẹ má yọ́ ọ.

ÌyáOnílẹ̀kẹ̀:
Mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n Ayọ́wúrà, ẹ jẹ́ ká wá fi ṣéènì àti iyùn ṣe nǹkan kan náà. Ẹ̀gbà ọwọ́ márùn-ún. Ọwọ́ obìnrin tó wà ní ìwọ̀n ń gba nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 18. Bí ẹ bá fẹ́ fi iyùn nìkan ṣe é, ẹyọ 21 sí 22 ni ọ̀kan máa jẹ, ẹ̀gbà mẹ́ta péré ni 64 máa ká. Ṣùgbọ́n ẹyọ 12 fún ẹnì kan jẹ́ sẹ̀ńtímítà 9.6. Ṣéènì tó kù lẹ́yìn tí wọ́n gé òjé kúrò jẹ́ 44, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba 8.8. Ẹ lo 7.5 lára rẹ̀ fún ẹ̀gbà, kí 1.3 tó kù máa wà lẹ́yìn ìkọ́ kí ẹ lè fi tú u sílẹ̀ tàbí fún un. Pẹ̀lú ìkọ́ tó jẹ́ sẹ̀ńtímítà kan, ẹ ti dé 18. Ẹyọ iyùn mẹ́rin á ṣẹ́ kù.

Gbogbo iṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ parí kí iyùn tó dé ibẹ̀. Kí alágbẹ̀dẹ fi òrùka kékeré, wáyà mìlímítà 0.8, inú rẹ̀ mìlímítà 4, sí orí ṣéènì kọ̀ọ̀kan, kó lẹ̀ ẹ́ pa, kó fi ásíìdì fọ̀ ọ́, kó fi ọṣẹ àti omi ṣàn án dáadáa kó sì gbẹ. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó mú un wá sọ́dọ̀ onílẹ̀kẹ̀.

Ọmọ_Ẹkímọ̀gún:
Ẹ̀yin màmá, okùn wo ni ká lò? Okùn ìpẹja ni mo rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ onílẹ̀kẹ̀ nílùú Oǹdó níbí, Àkúrẹ́ náà sì ni.

ÌyáOnílẹ̀kẹ̀:
Okùn ìpẹja dáa fún ìlẹ̀kẹ̀ ike àti èyí tí a ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Fún iyùn ogún tí ẹ fẹ́ máa wọ̀ lójoojúmọ́, kò dáa. Ó ń gan bí ó bá pẹ́, kì í di kókó mọ́lẹ̀, ihò iyùn àtijọ́ sì máa ń ní etí mímú nínú tó ń gé e díẹ̀díẹ̀.

Ẹ lo òwú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ìda kùn, kí ẹ sì ta kókó láàárín ẹyọ kan sí èkejì. Bí ó bá já lójú títì, ẹyọ kan péré ló bọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ tó fọ́n ká sínú gọ́tà. Kókó kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi mìlímítà kan, nítorí náà ẹ yọ sẹ̀ńtímítà kan ó lé díẹ̀ kúrò nínú ṣéènì tó wà lójú ẹ̀gbà, ẹ fi kún èyí tó wà lẹ́yìn ìkọ́. Wàhálà tí ẹ máa bá pàdé nìyí: ihò iyùn àtijọ́ ti fẹ̀, kókó á máa yọ́ wọ inú rẹ̀. Ẹ ta á lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ mìlímítà 2 há àárín. Wọ́n ń tà á ní Ọjà Ọba. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ká bébà yánrìn tó kúnná, nọ́ńbà 600, bí igi ìtayín, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ fi ra etí ihò kọ̀ọ̀kan kó má mú mọ́. Ẹ máa ṣe é ní tútù, eruku iyùn kò dáa fún èèyàn láti fà símú.

Níbi tí òwú ti kan òrùka wúrà, ẹ fi wáyà rírọ̀ tó ká bíi sípíríǹgì bo òwú náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbà sábà máa ń já, nítorí wúrà ń fi gbogbo ọjọ́ rẹ́ òwú lára.

Adérónkẹ́_FUTA:
Ṣé wọn ò lè fi iyùn kan sí orí òrùka fún èyí tó bá fẹ́ òrùka? Ẹnì kan sọ pé súpà gúlúù ló ń lò.

Ayọ́wúrà_Oǹdó:
Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n iyùn kò le, ojú rẹ̀ á ha níbi tí ọwọ́ bá ti ń kan tábìlì àti ìkòkò. Yẹtí tàbí ohun ọrùn ló bá a mu jù. Bí ẹ bá ní dandan ni, kí wọ́n ṣe ilé wúrà rẹ̀ tán, kí wọ́n dán an tán, kí iyùn tó wọlé, kí wọ́n sì tẹ etí ilé náà bò ó ní tútù. Súpà gúlúù máa ń fi ìkùukùu funfun sílẹ̀ lójú iyùn, ó sì máa ń ṣí nígbà tó bá yá. Gúlúù alápá méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ kí wọ́n tó lò ó, irú Araldite, ni kí ẹ lò, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹnikẹ́ni tó fà á.

Ọmọ_Ẹkímọ̀gún:
Òrùka 22 ńkọ́? Èmi ò bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà o. Kò bàjẹ́, kò kán. Ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́dọ̀ àgbà yín, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó nínú yín máa yá a wọ̀ lọ́jọ́ náà.

ỌmọAràkalẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, a ti jíròrò ìyẹn. Ọ̀kan wà ní Kánádà, ọ̀kan wà ní Èkó, kò ní ṣeé gbé kiri. A fẹ́ pín in.

Ayọ́wúrà_Oǹdó:
Bí ẹ bá ti fẹnu kò, kò burú. Gíráàmù 5 lọ́nà márùn-ún jẹ́ gíráàmù kan. Gíráàmù kan kárátì 22, bí wọ́n bá lù ú dé mìlímítà 0.5, á fún yín ní owó pẹlẹbẹ róbótó tó fẹ̀ tó mìlímítà 11 sí 12. Ó tó láti tẹ lẹ́tà kan sí lójú, kí ẹ fi rọ̀ mọ́ ìkọ́ ẹ̀gbà ọwọ́. Kárátì 22 rọ̀, ẹ má ṣe é tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa tẹ̀.

Bí wọ́n ṣe máa ṣe é nìyí. Ìkòkò ìyọ́wúrà tuntun, tàbí èyí tí wọ́n ti fi bọ́ráàsì (ìyẹ̀fun tó ń kó ìdọ̀tí kúrò lójú wúrà nínú iná) yọ́ inú rẹ̀ mọ́, kí wúrà oníbàárà àná má bàa dà pọ̀ mọ́ tiyín. Bọ́ráàsì díẹ̀ lórí wúrà, kí iná máa jó o títí tí á fi ká di róbótó tí ojú rẹ̀ á sì máa dán yinrin, kí wọ́n wá dà á sínú àpẹrẹ irin tí wọ́n ti yá gbóná díẹ̀ tí wọ́n sì ti fi òróró pa. Àpẹrẹ tútù máa ń jẹ́ kí wúrà fọ́n, tàbí kó ní ihò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa lù ú tàbí kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa dá a padà sínú iná títí á fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ nígbàkigbà tó bá ti fẹ́ dín sí ìdajì ìnípọn rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó bá ń kánjú tí kò dá a padà síná, etí rẹ̀ á ya. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tí ó bá kan ásíìdì, ẹmú bàbà ni kí wọ́n fi mú un. Bí ẹmú irin bá kan ásíìdì ọ̀hún, ojú wúrà á pọ́n bíi bàbà.

Ẹ wọn òrùka níwájú wọn kí wọ́n tó yọ́ ọ, ẹ ya fọ́tò ojú òṣùwọ̀n, ẹ jókòó tì í. Ní ìparí, ẹ wọn owó pẹlẹbẹ márùn-ún, àjákù etí rẹ̀, àti ìyẹ̀fun ayùn tí wọ́n gbá jọ lórí tábìlì. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ súnmọ́ gíráàmù 5. Òrùka tí kò ní ojú sọ́dà kankan kò ní ìdí tó fi máa dín lọ títí. Àjákù àti ìyẹ̀fun jẹ́ tiyín, ẹ gbà á, àfi bí ẹ bá ti bá wọn ṣàdéhùn pé ìyẹn wà lára owó iṣẹ́.

ÀgbàÌdíIgi:
Ní ti àwọn ṣílè, ti 1914 àti 1919 jẹ́ fàdákà 925. Láti 1920 ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú idẹ kan rọ ọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìdí nìyẹn tí ti 1936 fi pọ́n. Ẹ má lu ihò sí wọn lára, ẹ má sì dán wọn. Ẹ ṣe férémù fàdákà tó ní èékánná mẹ́rin tó ń di etí mú yí wọn ká. Ṣílè kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 23 ó lé díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè yọ ọ́ padà bó ṣe wà.

ỌmọAràkalẹ̀:
Ó yé mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Méjì kù: yẹtí idẹ, àti iyùn mẹ́rin tó ṣẹ́ kù. Ṣé ká fi iyùn náà ṣe yẹtí?

ÌyáOnílẹ̀kẹ̀:
Yẹtí idẹ, ẹ gé ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi pín-ìnnì sí i, kó di ohun tí wọ́n ń fi mú ìborùn. Ẹ má wọ̀ ọ́ sétí mọ́, kíkùn rẹ̀ ti ń ṣí, idẹ á sì kan ara.

Iyùn mẹ́rin yẹn, ẹ má fi ṣe nǹkan kan. Ẹ fi òwú ẹ̀tù wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnì kan nínú yín tọ́jú wọn. Ọjọ́ kan á wà tí ẹyọ kan á fọ́ lára ẹ̀gbà ẹnì kan, ẹ ò sì ní rí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá a mu lọ́jà. Ẹ kọ orúkọ màmá sára àpò rẹ̀ kí ẹni tó bá bá a níbẹ̀ má dà á nù. Lọ́fíńdà àti ìpara ṣáájú, ẹ̀gbà kẹ́yìn. Bí ẹ bá bọ́ ọ, aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má rẹ ẹ́ sómi, nítorí òwú á mu omi, kókó á sì dẹ̀. Bí ẹ bá ti ń rí òwú láàárín ẹyọ méjì níbi tí ẹ kì í ti í rí i tẹ́lẹ̀, ó ti tó ìgbà tí ẹ máa tún un sín.